Màmá ń lọ wẹ ọmọ ní Manchester: irú ojú ọjọ́ wo ni wọ́n máa bá níbẹ̀?

Ìyá kan kọ̀wé sí mi láti Ìbàdàn. Wọ́n ní: “Mo ti lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Manchester ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, mo sì ń lọ bá a wẹ ọmọ láti àárín oṣù kẹsàn-án títí di ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá. Ọmọ mi ní kí n má da ara mi láàmú, pé ooru ṣì ń mú lọ́dọ̀ àwọn. Aládùúgbò mi tó ti dé Canada rí ní yìnyín á ti máa já bọ́ kí n tó débẹ̀, pé kí n tètè ra kóòtù ńlá kan tí òun rí lọ́jà. Èmi náà wo fóònù mi, mo rí dígírì 17. AC ilé ìfowópamọ́ tí mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì kì í kọjá 18, súwẹ́tà fẹ́lẹ́ ni mo sì ń wọ̀ jókòó níbẹ̀. Ta ni kí n gbà gbọ́? Ṣé òtútù yìí kò ní fa òtútù àyà sí èmi àti ọmọ lára?”

Màmá, ẹ kú ewu ọmọ o. Ọlọ́run á dá ọmọ sí, á sì bá wa wo ìyá rẹ̀. Bí mo ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ yín, ohun tó dà yín láàmú ni pé ọ̀nà mẹ́ta ni ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì dọ́gba: ọmọ yín, aládùúgbò yín àti fóònù ọwọ́ yín. Kò sí èyí tó parọ́ nínú wọn. Ibi tí oníkálukú dúró sí wò ó ló yàtọ̀. Ìmọ̀ nípa ojú ọjọ́ ni mo kà ní ilé ìwé, apá àríwá England yìí ni mo sì ti ń gbé láti ọjọ́ pípẹ́, mo ti bá ọ̀pọ̀ àwọn ìyá wa tó wá wẹ ọmọ níbí sọ̀rọ̀ lórí nǹkan kan náà. Ẹ kò ní ìdí láti máa retí yìnyín ní Manchester láàárín àsìkò tí ẹ dá yìí. Ṣùgbọ́n òtútù á mú yín, ó sì ṣeé ṣe kó mú yín ju bí nọ́ńbà orí fóònù yẹn ṣe jọ lọ. Afẹ́fẹ́, ọ̀rinrin àti oòrùn tí kò lágbára ló ń mú èèyàn gbọ̀n níbí, gbogbo wọn ló sì ń le sí i láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ láti ìgbà tí ẹ bá dé títí di ìgbà tí ẹ máa padà. Ojú ọjọ́ tí ẹ máa bá lọ́jọ́ tí ẹ bá sọ̀ kọ́ ni ẹ máa fi sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá ń bọ̀ wálé. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni kí ẹ múra dè.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ọmọ yín. Ẹni tó bá ti lo ọdún mélòó kan níbí, ara rẹ̀ á ti mọ́ ọn. Bó bá ti di dígírì 17 tí oòrùn sì yọ, ẹ máa rí àwọn ọ̀dọ́ tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì alápá péńpé, ẹ̀yin á sì máa wá ibi tí ẹ máa kó ọwọ́ sí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ooru gidi máa ń padà wá bẹ̀ wá wò nínú oṣù kẹsàn-án nígbà mìíràn. Lọ́dún 2023, láti ọjọ́ kẹrin sí ọjọ́ kẹwàá oṣù náà, ọjọ́ méje léraléra ni ooru fi kọjá dígírì 30 níbì kan tàbí òmíràn ní Britain, ó sì dé 33.5 ní Faversham ní agbègbè Kent. Lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2011, Gravesend rí dígírì 29.9. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà á rò pé Èkó lòun wà. Àmọ́ ẹ kíyè sí i pé apá gúúsù-ìlà-oòrùn, níbi tó súnmọ́ ilẹ̀ Faransé, ni ìlú méjèèjì yẹn wà. Manchester jìnnà síbẹ̀. Tí a bá kó ọ̀pọ̀ ọdún pọ̀ wò, ọ̀sán oṣù kẹsàn-án ní Manchester máa ń wà ní nǹkan bíi dígírì 17 sí 18, òru rẹ̀ á sì lọ sílẹ̀ dé nǹkan bíi 10. Tó bá di oṣù kẹwàá, ọ̀sán á wà ní 13 tàbí 14, òru á wà ní 7 tàbí 8. Nígbà tí ẹ bá ń di ẹrù yín láti padà, ọ̀sán lè má kọjá 11. Ẹ wá fi wé ilé: òru oṣù kẹsàn-án ní Ìbàdàn kì í sábà wálẹ̀ kọjá 21 tàbí 22. Ìyẹn ni pé ọ̀sán gangan ní Manchester tutù ju òru Ìbàdàn lọ. Ooru tí ọmọ yín ń sọ, ooru tiwọn ni.

Aládùúgbò yín náà sọ òótọ́, Canada ló kàn ń sọ. Àwa èèyàn wa nílé máa ń pa gbogbo òkè òkun pọ̀ sójú kan, bí ẹni pé òtútù kan náà ló wà láti London dé Toronto. Tí ẹ bá wo máàpù àgbáyé, ẹ máa rí i pé Manchester àti ìlú Edmonton ní Canada fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà kan náà. Bí ọ̀kan ṣe jìnnà sí agbedeméjì ayé tó ni èkejì ṣe jìnnà. Síbẹ̀, yìnyín lè já ní Edmonton nínú oṣù kẹsàn-án, tó bá sì fi máa di oṣù kẹwàá, kò ya ẹnikẹ́ni níbẹ̀ lẹ́nu mọ́. Òkun ló fa ìyàtọ̀ yìí. Àárín gbùngbùn ilẹ̀ ni Edmonton wà, ilẹ̀ sì máa ń yára gbóná, ó máa ń yára tutù. Omi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òpin oṣù kẹjọ sí oṣù kẹsàn-án ni òkun tó yí Britain ká máa ń lọ́wọ́ọ́rọ́ jù lọ nínú ọdún, nígbà tí ilẹ̀ ti ń tutù lọ ní tirẹ̀. Ìṣàn omi gbígbóná kan tún ń bọ̀ láti apá Gulf of Mexico, ó la òkun Atlantic já dé ẹ̀gbẹ́ wa níbí, ìwọ̀-oòrùn lórí òkun yẹn kan náà sì ni afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ sí wa ti sábà máa ń wá. Òkun yìí ló ń bá wa dá òtútù gidi dúró títí ọdún fi ń lọ sópin. Yìnyín já ní London lọ́jọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún 2008, gbogbo ìlú ló sì ń pariwo rẹ̀, nítorí pé láti ọdún 1934 ni irú rẹ̀ kò ti ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ nínú oṣù kẹwàá. Orí àwọn òkè gíga ní Scotland ni ẹ ti lè rí i lásìkò yẹn, ẹ kò sì ní ohunkóhun tí ẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ fi kóòtù ńlá yẹn sílẹ̀ fún ẹni tó tà á.

Ọ̀rọ̀ AC ni mo fẹ́ kí a jókòó tì dáadáa, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn ìyá wa ti máa ń ṣi òtútù yìí díwọ̀n. Nọ́ńbà 18 tó wà lára AC, àṣẹ tí wọ́n pa fún ẹ̀rọ ni; kò túmọ̀ sí pé gbogbo yàrá náà ti di 18. Nínú gbọ̀ngàn ilé ìfowópamọ́ tí èrò ń wọ̀ tó ń jáde, tí ilẹ̀kùn ń ṣí tó ń padé, ó ṣeé ṣe kí ibi tí àga yín wà jẹ́ 23 tàbí 24. Ẹ tún rántí pé inú oòrùn lẹ ti ń bọ̀ kí ẹ tó wọlé láàárọ̀, inú oòrùn náà lẹ sì ń padà sí tó bá di ìrọ̀lẹ́. Ara yín ti gba ooru tó máa gbé e kí AC tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní Manchester, ìta kò ní fún yín ní ooru kankan. Ẹ máa jáde nínú ilé tó jẹ́ 19 bọ́ sí ìta tó jẹ́ 12, ẹ máa dúró ní bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀pù, ẹ máa wọ bọ́ọ̀sì tí ẹnìkan ti ṣí fèrèsé rẹ̀, ẹ ó tó padà délé. Láàárín gbogbo ìyẹn, ara kò rí ibì kan tó ti lè gba ohun tó pàdánù padà.

Lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́. Ara èèyàn máa ń mú afẹ́fẹ́ tín-ín-rín tó lẹ̀ mọ́ awọ gbóná, ìyẹn náà ló sì ń dáàbò bò ó. Bí ìta bá dákẹ́ rọ́rọ́, ooru yẹn á dúró. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́, á gbá a lọ, ara á tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ látìbẹ̀rẹ̀, á sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí á fi rẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí fóònù yín fi máa ń kọ nọ́ńbà kejì tó pè ní “Feels like” sábẹ́ ti àkọ́kọ́. Nọ́ńbà kejì yẹn ni kí ẹ máa fi yan aṣọ. Oòrùn ibí náà sì yàtọ̀ sí tiwa. Ní nǹkan bí ọjọ́ 22 tàbí 23 oṣù kẹsàn-án, ọ̀sán àti òru fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń gùn bákan náà níbi gbogbo láyé. Lọ́jọ́ náà, oòrùn ọ̀sán Ìbàdàn fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró gangan sórí àtàrí. Ti Manchester kì í gòkè dé ìdajì ọ̀nà. Láti ẹ̀gbẹ́ ló ti ń ràn sí wa, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì fẹ̀ ká ilẹ̀ tó pọ̀, nítorí náà ooru rẹ̀ kò pọ̀ sójú kan. Tó bá fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, á tún ti lọ sílẹ̀ sí i gidigidi. Ojú yín á máa ṣẹ́ sí i, ara yín kò sì ní gbóná.

Ẹ tún lè ní ṣebí a ti ń fara da ọyẹ́ nílé. Ọyẹ́ gbẹ. Láti aṣálẹ̀ Sàhárà ló ti ń bọ̀, ètè á là, gìgísẹ̀ á sán, ṣùgbọ́n tó bá ti di aago mọ́kànlá àárọ̀, oòrùn á ti lé òtútù rẹ̀ lọ. Òtútù ìgbà ìwọ́wé níbí tutù tòun ti omi. Aṣọ á máa rin díẹ̀díẹ̀ láìsí òjò, aṣọ tó bá sì ti rin kì í lè di ooru mú. Inú ilé ni ẹ ti máa pàdé gbígbẹ tó jọ ti ọyẹ́, nígbà tí wọ́n bá ti tan hítà, torí náà ẹ má yọ òrí kúrò nínú ẹrù yín. Eruku tí ọyẹ́ ń gbé wá fún wa nílé tilẹ̀ ti dé ìlú yìí rí. Lọ́jọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 2017, ìjì Ophelia gbé eruku Sàhárà pẹ̀lú èéfín iná tó ń jó igbó ní Pọ́túgà àti Sípéènì gba orí England kọjá, oòrùn sì pọ́n lọ́sàn-án gangan. Ọ̀pọ̀ èèyàn dúró sójú títì, wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọjọ́ kan hàn yín, irú èyí tí ẹ máa rí léraléra ní ìparí oṣù kẹsàn-án. Aago méje àbọ̀ àárọ̀, ẹ ká kọ́tìnì: ìrì ti bo àwọn ọkọ̀ tó wà níta, omi ń ṣàn lójú dígí fèrèsé láti inú, kùrukùru kò jẹ́ kí ẹ rí ilé tó wà ní ìparí àdúgbò. Dígírì 8 ni. Bí ẹ bá la ẹnu níta, èéfín á jáde. Aago mẹ́wàá, kùrukùru ti ká kúrò, ojú ọ̀run mọ́ roro, oòrùn ń tàn sára bíríkì pupa àwọn ilé, ó ti ń ṣe yín bíi kí ẹ bọ́ kádígàn. Ẹ gbé ọmọ sínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó di páàkì. Tó bá fi máa di aago kan, ìkùukùu dúdú ti bo ìwọ̀-oòrùn, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n, kò sì wálẹ̀ tààrà: láti ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà wọlé sí yín lójú, afẹ́fẹ́ ń yí agbòjò yín padà sẹ́yìn. Aago mẹ́ta, oòrùn tún yọ. Aago mẹ́jọ alẹ́, ilẹ̀ ti ṣú, ó ti wálẹ̀ sí 11. Ẹni tó bá wo fóònù lọ́jọ́ náà máa rí 17, 17 yẹn kò sì ju wákàtí méjì lọ nínú gbogbo ohun tí mo sọ yìí.

Òjò Manchester lókìkí, àmọ́ ẹni tó dàgbà ní Ìbàdàn kò ní ìdí láti bẹ̀rù bó ṣe pọ̀ tó. Òjò tó ń rọ̀ ní Èkó lọ́dún kan ju ti Manchester lọ dáadáa, ti London kò sì tó ìdajì ti Èkó. Bó ṣe ń rọ̀ ló yàtọ̀. Tiwa á ya wálẹ̀ fún wákàtí kan, gọ́tà á kún, lẹ́yìn náà oòrùn á yọ. Tibí á máa ṣẹ́ wíníwíní láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ẹ kò tilẹ̀ ní gbọ́ ìró rẹ̀ lórí òrùlé, ẹ máa kàn rí i pé èjìká yín ti rin. Àwọn òkè Pennines tó wà lẹ́yìn ìlú náà ló ń dá kún un: afẹ́fẹ́ olómi ti Atlantic máa gun òkè yẹn, á tutù bó ṣe ń gòkè, omi inú rẹ̀ á sì já bọ́ sí apá Manchester. Kó tó sọ̀ kalẹ̀ sí ìhà York tàbí Hull lódìkejì òkè, ó ti gbẹ díẹ̀. Àkókò ìjì náà tún nìyí. Láti ọdún 2015 ni Met Office, àjọ tó ń rí sí ojú ọjọ́ ní Britain, àti ti ilẹ̀ Ireland ti jọ ń sọ ìjì líle lórúkọ, ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ni wọ́n sì máa ń mú orúkọ tuntun jáde lọ́dọọdún, nítorí pé àsìkò yìí ni òtútù tó ń bọ̀ láti ìpẹ̀kun àríwá ayé máa ń pàdé ooru tó kù ní gúúsù lórí òkun. Babet ló wá nínú oṣù kẹwàá ọdún 2023, omi sì wọ ọ̀pọ̀ ilé ní Brechin ní Scotland. Bí Met Office bá ṣe ìkìlọ̀ aláwọ̀ ìyeyè, ẹ lè jáde tìṣọ́ratìṣọ́ra. Bó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀ di àwọ̀ ọsàn tàbí pupa, ẹ gbé ọmọ yín jókòó sílé.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún yín, òun ló sì máa ń wọ àwọn ìyá wa lára jù: òkùnkùn. Nígbà tí ẹ bá dé, oòrùn á máa wọ̀ ní nǹkan bí aago méje àbọ̀ alẹ́, aago Manchester àti ti Ìbàdàn á sì dọ́gba, kò ní sí ìṣirò kankan bí ẹ bá fẹ́ pe bàbá nílé. Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù kẹwàá, wọ́n á dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Láti ọjọ́ náà, bí aago mẹ́jọ bá lù ní Ìbàdàn, aago méje ni níbí. Ilẹ̀ á wá máa ṣú ní nǹkan bí aago mẹ́rin àbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Ọmọ yín àti ọkọ rẹ̀ lè wà níbi iṣẹ́, ẹ̀yin àti ìkókó nìkan lẹ máa wà nílé, ìta á ti dúdú, kò sí aládùúgbò tó ń kígbe kí yín láti òdìkejì. Mo ti rí i tí ọkàn ìyá tó lókun nínú dáadáa rẹ̀wẹ̀sì láàárín ọ̀sẹ̀ kan péré. Ẹ múra sílẹ̀ de ìyẹn pẹ̀lú bí ẹ ṣe ń múra de òtútù. Ẹ máa jáde lọ́sàn-án lójoojúmọ́ bí òjò bá dá, kódà bó jẹ́ ogún ìṣẹ́jú. Ẹ tètè béèrè ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tí àwọn èèyàn wa ń lọ nítòsí. Àjọ NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, tún dá a lábàá pé kí gbogbo ènìyàn máa lo fítámì D, máíkírógíráàmù 10 lójúmọ́, ní ìgbà ìwọ́wé àti ìgbà òtútù, kí àwọn aláwọ̀ dúdú tiẹ̀ rò ó láti máa lò ó yípo ọdún, torí oòrùn ibí kò tó láti bá ara wa ṣe é. Kò wọ́n. Bí ẹ bá ń lo oògùn mìíràn, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ apòògùn.

Ní ti aṣọ, aṣọ fẹ́lẹ́ mẹ́ta tí a wọ̀ léra wọn dára ju kóòtù nípọn kan ṣoṣo lọ. Afẹ́fẹ́ tó há sí àárín wọn ló ń dáàbò bo ara, ẹ sì lè bọ́ ọ̀kan nígbà tí oòrùn bá yọ ní aago mẹ́wàá, kí ẹ tún wọ̀ ọ́ nígbà tí òjò bá dé ní aago kan. Láti ilé, ẹ mú síngílẹ́ẹ̀tì alápá gígùn bíi mélòó kan, kádígàn méjì, ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, ṣòkòtò tó lẹ̀ mọ́ ara tí ẹ lè wọ̀ sábẹ́ ìró, àti ìborùn. Ankara àti léèsì wà fún ọjọ́ ìkómọ àti ọjọ́ ìsìn. Afẹ́fẹ́ ń gba inú wọn kọjá. Gèlè kì í sábà bo etí dáadáa, torí náà ẹ wá fìlà onírun. Ohun tí mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ dúró rà níbí ni jákẹ́ẹ̀tì tí omi kò lè wọ̀, tó ní ìbòrí tó so mọ́ ọn. Oṣù kẹsàn-án gan-an ni ilé ìtajà ń kó wọn jáde, àwọn ṣọ́ọ̀bù aláàánú tí wọ́n ti ń ta aṣọ àlòkù náà sì máa ń ní èyí tó dára lówó pọ́ọ́kú. Ó kéré tán, ẹ máa wọ̀ ọ́ wò, ẹ máa mọ̀ bóyá ó gba súwẹ́tà sábẹ́. Ewu rẹ̀ ni pé ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ dé lè bá yín láìní i, nítorí náà kí ọmọ yín wá èyí tí ẹ máa yá lò sílẹ̀. Kádígàn kan gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì ọwọ́ yín, nítorí inú ọkọ̀ òfurufú pàápàá ń tutù. Bàtà ni kí ẹ náwó lé jù. Ewé tó ń wọ́ lára igi á tẹ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, òjò á rin ín, á sì máa yọ̀ gan-an. Ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún kò gbọ́dọ̀ wọ sílípáàsì tàbí bàtà pẹlẹbẹ rìn lórí rẹ̀. Ẹ wá bàtà tí abẹ́ rẹ̀ ní eyín.

Ibi tí mo ti fẹ́ bẹ̀ yín jù ni ọ̀rọ̀ ọmọ. Bí òtútù bá mú ìyá àgbà, ọmọ ló máa kọ́kọ́ fẹ́ dì. Ọmọ ìkókó kò lè tú ooru kúrò lára bíi tiwa, ooru àjù sì léwu fún un nígbà tó bá ń sùn. Àjọ Lullaby Trust tó ń rí sí oorun ọmọ níbí ní kí yàrá tó ń sùn sí wà láàárín dígírì 16 sí 20. Á tutù lójú yín, àmọ́ kò ní ni ọmọ lára. Kò gbọ́dọ̀ dé fìlà sùn nínú ilé, ẹ má ko bùláńkẹ́ẹ̀tì nípọn lé e. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá òtútù ń mú un, ẹ fọwọ́ kan àyà rẹ̀ tàbí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ìkókó sábà máa ń tutù, ìyẹn kò fi nǹkan kan hàn. Kí wọ́n tó so ó mọ́ àga inú ọkọ̀, wọ́n ní láti bọ́ kóòtù nípọn kúrò lára rẹ̀, torí kì í jẹ́ kí bẹ́líìtì mú un pinpin. Ní ti ìwẹ̀, ẹ ti fèrèsé, ẹ tan hítà sílẹ̀ kí yàrá ti lọ́wọ́ọ́rọ́ kí ẹ tó bọ́ ọ, kí aṣọ ìnura wà nítòsí, kí ìwẹ̀ náà má pẹ́ tó bí ẹ ṣe ń ṣe é nílé. Owó gáàsì hítà wọ́n níbí, ẹ má jẹ́ kó bí yín nínú bí ọmọ yín bá ń pa á nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú yàrá. Síbẹ̀, ẹ sọ fún un láìtijú pé yàrá tí ẹ̀yin fúnra yín ń jókòó sí kò gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ ju 18 lọ. Aṣọ ọmọ tí ẹ bá sá sínú ilé náà ń da omi sínú afẹ́fẹ́, òun ló ń ṣàn lójú dígí láàárọ̀, tí ìbu dúdú á fi hù lára ògiri. Ẹ máa ṣí fèrèsé fún ìṣẹ́jú mélòó kan lójúmọ́.

Èmi kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n èyí tí mo mọ̀ dájú nípa òtútù àyà ni pé kòkòrò ló ń fà á. Òtútù nìkan kò lè dá a sílẹ̀. Ìdí tó fi ń pọ̀ lásìkò yìí ni pé àwọn èèyàn ti fèrèsé mọ́ra wọn, wọ́n ń húkọ́ lura. Nítorí náà, ẹni tó bá ń húkọ́ tàbí tó ní ọ̀fìnkìn, ìbáà ṣe àlejò pàtàkì, kó má gbé ọmọ. Òtútù máa ń mú ẹ̀jẹ̀ ru sí i fún àgbàlagbà, ẹ kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín dání tó máa tó yín títí ẹ fi máa padà. Bí ara yín bá sì gbóná lẹ́yìn tí ẹ dé, kódà bó ti lé ní oṣù kan, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òtútù ló mú yín lásán. Kí ọmọ yín pe 111, nọ́ńbà tí NHS fi ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn lórí ìlera, kí ẹ sì sọ fún wọn ní gbólóhùn àkọ́kọ́ pé Nàìjíríà lẹ ti wá, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò fún ibà. Dókítà tí kò gbọ́ ìyẹn lè má ronú kàn án rárá.

Bí ẹ bá ń rò ó pé kí ẹ tètè padà sílé kó tó di pé wọ́n dá aago padà, èmi kò ní rọ̀ yín láti ṣe é. Ẹ máa bọ́ lọ́wọ́ òkùnkùn, àmọ́ ìyá ọmọ ṣì nílò yín lásìkò yẹn, òtútù tó wà nínú ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì tó kù kò sì ju ohun tí aṣọ lè kápá lọ. Bí wọ́n bá ní kí ẹ dúró di oṣù kejìlá tàbí oṣù kìíní ni kí ẹ tún ọ̀rọ̀ náà rò. Gbogbo nọ́ńbà tí mo kọ sókè yìí, ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni. Ọdún kan lè gbóná jù ú lọ, òmíràn lè tutù jù ú lọ, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún yín lónìí bí ọ̀sẹ̀ tí ẹ máa dé ṣe máa rí, torí àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ níbí kì í ṣeé gbára lé mọ́ tó bá ti kọjá bí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ dúró kó ku ọjọ́ márùn-ún kí ẹ gbéra, kí ẹ wá wo Manchester lórí áàpù Met Office, kí ẹ wo ti òru pẹ̀lú ti ọ̀sán. Bó bá fi òjò hàn lọ́jọ́ tí ẹ máa sọ̀, kí ọmọ yín mú jákẹ́ẹ̀tì náà dání wá pàdé yín ní pápákọ̀.